Àpótí Yèyé àti Ìtàn Tó Kù

Lẹ́yìn tí a sin Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìyìn-Èkìtì, a pín àwọn nǹkan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé mú ìkòkò irin ńlá, àǹtí wa mú aṣọ òfì méjèèjì, ẹnì kan tilẹ̀ mú rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní àpótí ìjókòó rẹ̀ ni mo fẹ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

"Káyọ̀dé," Ṣadé ní, "ìwọ tí o kì í jókòó sórí ohunkóhun láìkọ́kọ́ mì í wò, àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú lo fẹ́?"

Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ẹsẹ̀ tó kúrú, nítorí náà kò lè bá mi lójijì.

Kí ẹni tó bá ń ka èyí má retí pé màá to ìgbésí ayé Yèyé láti ìbí dé ikú. N kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, n kì í sì í fẹ́ sọ ohun tí ojú mi kò tó. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú pè é ní onísùúrù àti olùfẹ́ àlàáfíà. Bí mo ṣe jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo máa ń jókòó sí, ńṣe ló dà bíi pé mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú pósí: "Ó kù." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló fi sílẹ̀ fún mi kẹ́yìn. Ó jẹ mọ́ ohun kan tí mo ń sá fún níbi iṣẹ́, Yèyé sì lọ kí n tó ṣe é.

Gbogbo àwa tí a dàgbà lọ́dọ̀ rẹ̀ la mọ "ó kù" yìí. Bí ọmọ méjì bá jà, Yèyé kì í béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Yóò gbé àpótí rẹ̀ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ní kí ọ̀kan jókòó sí i, kí ó sọ ìtàn ìjà náà bí ẹni pé òun gan-an ni ẹnì kejì. Bó bá jẹ́ èmi àti Ṣadé, màá jókòó, màá ní, "Èmi ni Ṣadé," màá sì máa bá ìtàn lọ. Bí mo bá fo ohun kan, Ṣadé yóò ní, "Ó kù." Màá tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kì í dìde lórí àpótí náà àfi bí ẹni tó ni ìtàn bá ní, "Ó pé." Lẹ́yìn náà ló máa kan ẹnì kejì.

Ìjà kan wà tí a jà lórí ẹran inú ọbẹ̀. Mo jókòó, mo ní, "Èmi ni Ṣadé. Olójúkòkòrò ni mí." Ṣadé fẹ́ gbá mi létí lórí àpótí. Yèyé dá a dúró, ó sì yíjú sí mi: "Kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní olójúkòkòrò. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ebi ti ń pa á."

Obìnrin kúkúrú ni, tó ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Ó ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, kò sì yí ahọ́n rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Iṣu sísun pẹ̀lú epo àti iyọ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, ó sì dá a lójú pé ẹni tó ń fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Kò lè kí ènìyàn kó sì kọjá. Awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sí Adó mọ̀ pé bí òun bá ti kí Yèyé, ọkọ̀ kò ní lọ títí òun yóò fi ṣàlàyé bí orúnkún ìyàwó òun ti ṣe. Nígbà mìíràn àwọn èrò tó kù nínú ọkọ̀ á máa kùn. Kò kàn án. "'Ulé ńkọ́' kì í ṣe orin," ni yóò wí fún wọn, "ìbéèrè ni."

Ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ní Adó ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ lo àpótí náà fún àgbàlagbà. Ní àkókò yẹn, ẹ̀kọ máa ń tutù kó tó dé ẹnu aláìsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn alásè ya ọ̀lẹ. Àwọn alásè ní àwọn nọ́ọ̀sì ń gbéra ga, pé wọ́n ń fi abọ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tí èéfín rẹ̀ yóò fi lọ. Yèyé gbé àpótí lọ sí wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó ní, "Èmi ni nọ́ọ̀sì. Mo rí ẹ̀kọ tó ń rú èéfín, mo ní kó dúró ná." Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ó kù, pé àkókò tí ẹ̀kọ ń dé gan-an ni dókítà àgbà ń yí ká wọ́ọ̀dù wo aláìsàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé abọ́ kọjá títí yóò fi jáde. Ní ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó gbọ́ èyí rí. Wọ́n sún àkókò ẹ̀kọ síwájú díẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bí Yèyé bá ń sọ ọ́ fún wa, bó ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyí: "Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Dókítà àti ẹ̀kọ ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà."

Àmọ́ kí n má parọ́ mọ́ òkú. Yèyé fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn láti jókòó sórí àpótí náà bí ìjà bá jẹ́ tirẹ̀. Àlájà tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, aládùúgbò wa, ni òun àti Yèyé jọ ń fa ọ̀rọ̀ omi òrùlé. Bí òjò bá rọ̀, omi orí ilé Àlájà á ṣàn sí ibi tí Yèyé ń sá èlùbọ́ sí. Wọ́n kí ara wọn bí ẹni tó ń kí ògiri fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kan Àlájà dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní, "Ìyá àgbà, àpótí tí ẹ fi ń dá ẹjọ́ gbogbo ayé dà? Ṣé ó ti wó ni?"

Yèyé kò lè sá. Ó jókòó, ó di ẹnu pọ̀. "Èmi ni Àlájà. Inú mi máa ń dùn bí omi bá ba èlùbọ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́."

"Ó kù," Àlájà ní.

Ó tún un sọ, Àlájà tún ní ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí tí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbẹ̀yìn ni Àlájà fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ jáde, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Kafíńtà kan ṣoṣo tó mọ òrùlé yẹn ni ọ̀rẹ́ olóògbé ọkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì ti ń wá ọ̀nà láti fẹ́ ẹ. Bó bá pè é wá ṣe òrùlé, àdúgbò á gbọ́ pé ó ti gbà. Nígbà tí kafíńtà wá, Yèyé ló jókòó sí ìdí àkàsọ̀ títí ó fi ṣiṣẹ́ tán, tó ń bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà oúnjẹ alẹ́, ó ń fọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀, ó ní, "N kò mọ̀ pé àpótí yìí le tó báyìí."

Ó yẹ kí n sọ ti ọwọ́ mi báyìí.

Mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì kan lẹ́yìn Ìgbẹmọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta ni a pín sí. Àwọn obìnrin, tí Ìyá Bọ́sẹ̀ jẹ́ olórí wọn, ń bọ ìrẹsì, wọ́n sì ń sá a sórí pèpéle sìmẹ́ńtì. Àwa tó wà nídìí ẹ̀rọ ń bó èèpo rẹ̀. Ẹ̀ka ọjà, tí Ráfíù ń darí, ń dì í sí àpò, wọ́n ń gbé e lọ sí Adó. Igi tí ẹ̀ka kan ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka mìíràn kì í débẹ̀. Àwa ń pe àwọn obìnrin ní "Olómi", nítorí ìrẹsì wọn kì í gbẹ tán. Wọ́n ń pè wá ní "Gíríìsì". Gbogbo wa ń pe ẹ̀ka Ráfíù ní "Ẹ Yára", torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn.

Ní ọ̀sán kan, ìrẹsì tútù dí ẹnu ẹ̀rọ. A pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti yọ ọ́. Ẹ̀yìn ògiri ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè rí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ráfíù gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá gbogbo nǹkan ní dídákẹ́, ó rò pé a ti lọ jẹun, ó bá sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ohun tó yọ mí ni pé bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ ti gbó. Ẹ̀rọ fa ọwọ́ mi, bẹ́líìtì sì já. Ìka méjì ni kò lè ká mọ́ títí di òní. Ọgbẹ́ náà jinná. Ẹ̀rù rẹ̀ ni kò jinná.

Ọ̀dọ̀ Yèyé ní Ìyìn ni mo lọ sinmi. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, màá ti bá ara mi ní ìdúró. Yèyé kò ní kí n ṣe bí ọkùnrin. Ohun tó ń ṣe ni pé bó bá fẹ́ gún iyán, yóò kọ́kọ́ yọjú sí yàrá: "Káyọ̀dé, ọkọ mi, mo fẹ́ gbé ọmọ odó o." Yóò dúró kí n dáhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ṣadé ní ó ń kẹ́ mi bàjẹ́, ó ní, "Ẹni tí ariwo ti ṣe léṣe, a máa ń sọ fún un kí ariwo tó dé."

Ní Ìgbẹmọ, nǹkan kò dára. Ọ̀gá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ń pe ìpàdé lórí ìpàdé. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan ń bí ìjà tuntun. Àwọn ará ìdí ẹ̀rọ ní àwọn obìnrin ló fẹ́ fi omi pa mí. Àwọn obìnrin ní Ráfíù ni. Wọ́n fẹ́ lé Ráfíù, èmi sì ti pinnu nínú ara mi pé n kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni Ráfíù wá kí mi, tòun ti ọsàn nínú ọ̀rá. Kò lè wo ọwọ́ mi. Yèyé fún un lómi, ó jẹ́ kó mu ún tán, ó wá gbé àpótí sí iwájú rẹ̀.

"Ìwọ ni Ráfíù?"

"Èmi ni, mà."

"Jókòó síbẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ ni Káyọ̀dé."

Ó wò mí bóyá mo máa gbà á sílẹ̀. Ó jókòó, àpótí sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó kúrú.

"Èmi ni Káyọ̀dé," ó ní. "Mo wà nídìí ẹ̀rọ. Ráfíù, èèyàn burúkú, fẹ́ pa mí."

"Ó kù," mo ní.

"Sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe," Yèyé ní.

"Mo ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ìrẹsì náà tutù, ó lẹ̀ mọ́ra..." Ó dúró. "Ṣé inú ibẹ̀ máa ń gbóná ni?"

"Ó máa ń gbóná," mo ní. "Bí ẹni ki ọwọ́ bọ ìkòkò."

"N kò mọ̀." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ dé ibi tí bẹ́líìtì ti já. Mo ní ó pé.

Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Èmi ni Ráfíù. Oníkánjúkánjú ni mí." Yèyé húkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, àmọ́ Ráfíù ṣì ń ní ó kù. N kò mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn oníbàárà ní Adó ti dá ìrẹsì padà nítorí pé ó rùn, pé wọ́n ti bú u kárí ọjà, pé ó ti ṣèlérí òmíràn fún wọn kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó là á yé mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni wọ́n bú. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó pé.

"Kò pé," Yèyé ní. "Ta ló ń sá ìrẹsì?"

"Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó wà níbí?"

A ní rárá. Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó dìde. "Ìtàn ẹni mẹ́ta, ẹ̀yin méjì jókòó ẹ ní ó pé."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ìyìn sí Adó, ó tún wọ òmíràn sí Ìgbẹmọ, àpótí lórí itan rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a gbé àpótí sí bọ́ọ̀tù, kó má baà ni yín lára."

"Ó ti jókòó," Yèyé ní. "Jẹ́ kó jókòó."

Mọ́mì pàdé wa ní géètì. Ó kúnlẹ̀ kí Yèyé, ó sì rọra sọ pé àwọn ti ṣe ìpàdé tó pọ̀. "Mo gbọ́," Yèyé ní. "Ní ìpàdé, kálukú ń sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ti ẹnì kejì."

Iwájú pèpéle ni gbogbo wa péjọ sí. Ráfíù ló kọ́kọ́ jókòó. "Èmi ni Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní, àwọn obìnrin sì bú sẹ́rìn-ín. "Mo ń kó ìrẹsì kúrò nínú oòrùn láìgbẹ, torí mo fẹ́ tètè relé."

"Ó kù," ni àwọn obìnrin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Bọ́sẹ̀," Ìyá Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ní. "Irùngbọ̀n yẹn bá yín mu. Ẹ máa bá a lọ."

Ó gbìyànjú títí. Ó sọ ti iná ìdáná, ti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, ti kíkó ìrẹsì bí òjò bá ṣú. Ó kù ni wọ́n ń wí. Ìgbà tó yá, ó ní òun kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kó o láìgbẹ.

"Nígbà tí o kò mọ̀," Yèyé ní, "bi ẹni tó mọ̀."

Ráfíù yíjú sí Ìyá Bọ́sẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọkọ̀ yín ń wá dúró sórí pèpéle mi lọ́sàn-án. Bí n kò bá kó o, táyà á gun orí rẹ̀."

"Kò síbòmíràn tí ọkọ̀ lè dúró," Ráfíù ní. "Òkìtì èèpo ìrẹsì ti gba ibi ìkẹ́rù."

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ àwa tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó kàn mí láti jókòó. Mo mì àpótí wò, mo jókòó, mo ní èmi ni Ráfíù, mo ti ta èèpo fún àwọn oládìẹ, wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ráfíù ní ó kù, òun kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ni òun rò pé wọ́n ń fi í dáná. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní àwọn kò fọwọ́ kàn án rí, ti Mọ́mì ni àwọn pè é.

"Tèmi kẹ̀?" Mọ́mì ní. "Kí ni mo fẹ́ fi èèpo ṣe?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ, ó sì tún dákẹ́, nítorí kálukú ti ń wo òkìtì náà, ó ń wo ọ̀nà láti ibẹ̀ dé pèpéle, láti pèpéle dé ẹ̀rọ, láti ẹ̀rọ dé ọwọ́ mi. Yèyé kò pariwo. Ó ní, "Ohun tí kálukú pè ní ti ẹnì kejì, òun ló fẹ́ pa yín."

A jọ kó èèpo náà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, tàwa tàwọn Olómi. Wọn kò lé Ráfíù mọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni ẹ̀ka kan ń sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka mìíràn. N kò ní sọ pé ìjà tán. Igi tí kálukú ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà, Mọ́ńdè mìíràn sì wà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ní ó kù nítorí pé ẹ̀rín ń pa á nìkan. Ṣùgbọ́n a fi òfin kan kún un. Bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, ẹnì kan láti ẹ̀ka mìíràn gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ́ńjìnnì, kó máa pariwo sọ ohun tí onítọ̀hún ń ṣe, bí ẹni pé òun gan-an ni.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mò ń fi epo sí ẹ̀rọ, mò ń de nọ́ọ̀tì, mo sì mọ ohùn rẹ̀ bó bá fẹ́ ṣàìsàn. Àmọ́ n kò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń bá mi ṣe é, wọn kò sì fi ṣe mí yẹ̀yẹ́. Yèyé nìkan ló ń béèrè ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Ìyìn.

"Ṣé o ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Rárá, Yèyé."

"Ó kù," yóò wí, yóò sì fún mi níṣu.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Ó ní, "Sọ tèmi."

Ó ṣòro. Mo ní, "Èmi ni Yèyé. Mo ti dàgbà, mo ti rí ọmọ-ọmọ. Inú mi dùn láti lọ sinmi."

"Ó kù."

Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, iṣu kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ó kù. Mo wò ó. Mo rí bó ṣe di etí aṣọ ìbora mú, bí èmi ṣe máa ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Èmi ni Yèyé," mo ní. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó jọ̀wọ́ etí aṣọ náà. "Ó pé," ó ní. Ó wá fọwọ́ kan ìka mi tí kò lè ká. "Tìrẹ ló kù."

Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo gbé àpótí dé Ìgbẹmọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ nù ún kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Kó tó di ọ̀sán, ẹnu ẹ̀rọ dí, a sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó máa ń bá mi yọ ọ́ ti ń ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é. Ó sún kúrò lọ́nà.

Mo wo bẹ́líìtì. Mo tún un wò. Ráfíù ti lọ sẹ́yìn ògiri, n kò rí i, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Èmi ni Káyọ̀dé. Mo dúró nídìí ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi kò tíì wọlé."

Mo ki í bọ̀ ọ́. Inú ibẹ̀ gbóná bó ṣe máa ń gbóná. Mo sọ fún un pé mo ti wọlé.

"Èmi ni Káyọ̀dé. Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gbóná. Ẹ̀rù ń bà mí."

N kò sọ ìyẹn fún un rí. Ó ń tún un sọ, kò sinmi, kò sì yára. Mo ń yọ ìrẹsì náà ní ìṣù kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán. Mo yọ ọwọ́ mi, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo sì dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tèmi.

"Ó pé," mo ní.